Àwọn Àgbà Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bí onígbàjámọ̀ náà bá fẹ́ ra ìwé, kì í wo èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárín ni yóò ti ṣí i. Yóò ka ìpínrọ̀ kan, yóò sì máa ṣí i lọ síwájú títí yóò fi dé ibi tí ìtàn náà ti dúró mí díẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jìnnà ju àkókò tí oníbàárà kan fi ń jáde kí òmíràn tó wọlé, yóò dá ìwé náà padà, yóò sì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun tí kò ní í rà.

Obìnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sórí ọ̀rá lẹ́bàá ògiri pósọ́fíìsì ni òǹtàwé rẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tán. Kì í polówó fún un. Ó máa ń ya àwọn ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sọ́tọ̀, bó bá sì ti rí i lókèèrè, á ní, "Ti ṣọ́ọ̀bù rèé o."

"Ti ilé ńkọ́?"

"Ti ilé ń bẹ. Ẹyọ kan ni, ó sì wúwo bí ìyá ọkọ."

Ti ṣọ́ọ̀bù ni ìwé tó lè kà níbi iṣẹ́, láàárín oníbàárà méjì. Ti ilé ni èyí tó nípọn, tó fẹ́ kí èèyàn jókòó tì í pẹ́. Ti ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í rà á. Ti ilé, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó rí èyí tó wù ú, bó bá sì rà á, kò ní í kà á. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni yóò kà, lórí ìdúró níbẹ̀, kó lè mọ ẹni tó ń mú lọ sílé. Lẹ́yìn náà yóò wé e sínú ọ̀rá, yóò tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló ń kó wọn jọ dè.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: àga kan tó ń yí, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró, dígí kan tó ti sán ní igun. Lórí pákó tó wà lábẹ́ dígí, láàárín páúdà àti ìgò sípíríìtì, ni ìwé máa ń wà. Bí oníbàárà bá dìde, yóò gbọn aṣọ, yóò gbá irun jọ, yóò fọwọ́, yóò sì mú ìwé náà bí ẹni mú ife omi. Wọ́n lè bí ọmọ kan nínú ìwé náà, kó dàgbà, kó sì já ìyá rẹ̀ kulẹ̀, kí ẹlòmíràn tó wọlé wá gẹrun. Bó ṣe ń gẹrun fún onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ ọmọ náà á ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ á máa béèrè pé ṣé kó gé e wálẹ̀ dáadáa àbí kó fi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú.

Télọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra. Télọ̀ kì í kàwé, àmọ́ ó fẹ́ràn láti gbọ́ ibi tí ìtàn dé. Ó máa ń gbé téèpù kọ́rùn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀mọ̀wé Abẹ, kí ni wọ́n wí lónìí?"

"Ọkùnrin kan fẹ́ ta ilé bàbá ẹ̀."

"Ó tà á?"

"N ò tíì débẹ̀. Ẹnìkan wọlé."

"Ta ló wọlé? Nínú ìwé ni àbí níbí?"

"Níbí. Ìwọ ni."

Télọ̀ á rẹ́rìn-ín, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sì ní í lọ mọ́.

Àwọn ìwé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, "àwọn àgbà" ni onígbàjámọ̀ ń pè wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìdílé kan, láti orí ọkùnrin tó gbẹ́ kànga títí dé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó dí i pa. Ọ̀kan jẹ́ ti atukọ̀ kan tó rin òkun yí ayé ká, tí kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọ̀kan ń sọ nípa àwọn ìràwọ̀, fún ẹni tí kò lọ sí yunifásítì. Àwọn mìíràn wà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa ń kó wọn jáde lọ́jọ́ Àìkú, á tú ọ̀rá ara wọn, á sá wọn sí oòrùn lórí ẹní, á sì tún wé wọn padà. Ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wò ó.

"Àwọn orogún mi ti jáde wá yáàrùn," á ní. Àti nígbà kan: "Ìgbà wo lo máa kà wọ́n gan-an?"

"Nígbà tí mo bá ráyè. Ìwé yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ààbọ̀ ọkàn kà."

"Ààbọ̀ tó kù dà? Torí èmi náà ò rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tètè dákẹ́.

Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí dókítà sì ti sọ ohun tó ní í sọ, obìnrin náà ní kó ka ọ̀kan nínú àwọn àgbà fóun. Ó ní èyí tó jẹ́ ti ìdílé yẹn. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìwé náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró.

"Ó gùn," ó ní. "A ò ní lè parí ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Ka èyí tá a lè parí."

Ó mú ìwé fẹ́lẹ́ kan láti ṣọ́ọ̀bù wá, ó kà á fún un. Wọ́n parí rẹ̀. Ọjọ́ ṣì kù díẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn náà kí obìnrin náà tó kú.

Nígbà tó pẹ́ sí i, ìka ọwọ́ ọ̀tún onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi pamọ́ fún gbogbo èèyàn. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ró, bíi pé ọ̀nà tuntun kan ló ń dán wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, abẹ ba awakọ̀ àgbà kan létí, ẹni tó ti ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí ṣì dúdú. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí aṣọ funfun.

"Kò dùn mí," ni awakọ̀ wí. Ó fi tíṣù di etí mú, ó dágbére dáadáa. Kò wá mọ́.

Télọ̀ rí aṣọ náà lórí okùn. "Ọ̀mọ̀wé Abẹ, ó ti tó," ó ní. "Kó o tó gbé odindi etí lé ẹnìkan lọ́wọ́."

"Mo mọ̀."

"Inú ẹ ò bàjẹ́?"

"Kí ló fẹ́ bà á jẹ́? Àwọn àgbà ń retí mi."

Télọ̀ wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Òótọ́ ni. Inú ọkùnrin náà ń dùn, ó kàn ń fi í pamọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ìsinmi nítorí ọ̀fọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni. Yàrá méjì àti pálọ̀ ló ń dá gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní apá kejì ìlú. Nígbà tó gbọ́ nípa ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Màá wá," ni bàbá wí. "Ìwé mi ń bá mi bọ̀ o."

"Gbogbo ẹ̀ kọ́, Bàbá. Yàrá yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi."

"Èyí tó ṣe pàtàkì níbẹ̀."

"Mo mọ èyí tó ṣe pàtàkì. Ṣé ojú mi kọ́ ni gbogbo ẹ̀ ṣe ni?"

Ó gbà á gbọ́. Kò sí ìdí tí kò fi yẹ kó gbà á gbọ́. Ọmọ tó dàgbà nínú ilé náà, tó ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn nígbà tí ibà ń ṣe é, ó yẹ kó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ń kó kúrò, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti kó àga àti dígí lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó fẹ́ máa tún fóònù ṣe níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó sì wá palẹ̀ ilé mọ́. Nígbà tí bàbá fi máa dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo nǹkan ti wà létò: bẹ́ẹ̀dì, àga kan lẹ́bàá fèrèsé, pákó ìkówèésí tuntun tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mọ́ ògiri.

Àwọn ìwé ṣọ́ọ̀bù kún orí pákó náà. Èyí tí ewé rẹ̀ ti já, ọmọ ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya, ó ti fi páálí ran án lọ́wọ́. Ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun àwọn oníbàárà kúrò láàárín ewé wọn, irun dúdú, irun funfun, irun àwọn mìíràn tí wọ́n ti kú. Síbẹ̀ òórùn sípíríìtì kò kúrò lára wọn.

"Mo fẹ́ yọ òórùn yẹn," ó ní, "mo bá ní kí n fi sílẹ̀. Òórùn yín ni."

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Èwo?"

"Ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn tí ẹ kì í kà yẹn." Ó ń tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Látìgbà tí mo ti dáyé, n ò rí i kí ẹ ṣí ọ̀kan. Bí ẹ bá ti sá wọn sóòrùn tán, inú ọ̀rá lẹ tún ń dá wọn padà sí. Mo ní bóyá àwọn kan ló fún yín, tójú ń tì yín láti dá a padà. Mo ti kó wọn fún ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn wa. Orúkọ yín ni mo fi fún wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ní òun fẹ́ rí yín, òun fẹ́ dúpẹ́."

Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo àwọn ìwé orí pákó, tí ọmọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"O ṣeun," ó ní.

Láti ọjọ́ náà, kò kàwé mọ́. Ó máa ń gbé ọ̀kan lé itan, kò ní í ṣí i. Ọmọ rẹ̀ á dé láti ibi iṣẹ́, á bá a bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ò kàwé mọ́ ni?"

"Mo ti kà wọ́n."

"Ẹ tún un kà."

"Mo mọ ibi tí wọ́n parí sí."

Ọmọ rẹ̀ rò pé àárò ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ ọ́. Kó lè dá a lára yá, ó mú un lọ sí ilé ìwé náà lọ́jọ́ kan tí kò lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ ọkùnrin tó sanra, tó ń yẹ́ni sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ onígbàjámọ̀, ó mú un wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Níbẹ̀, lẹ́yìn tábìlì, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tí wọ́n tì pa, àwọn àgbà dúró létòlétò. Wọ́n ti bọ́ ọ̀rá kúrò lára wọn.

"Bàbá, ẹ ò rí i bí ọ́fíìsì ṣe gbayì?" ni ọ̀gá ilé ìwé wí. "Àlejò ò ní í wọlé kó má béèrè wọn."

"Àwọn ọmọ ń kà wọ́n?"

"Ọmọ wo? Àwọn tèmi yẹn? Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n máa fi ṣe. À ń tọ́jú wọn ni, Bàbá. Ẹnikẹ́ni ò ní í fọwọ́ kàn wọ́n."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ mì. "Èmi? Ó di ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì."

Ọmọbìnrin náà bá a rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ sún mọ́ dígí. Ìtàn ìdílé yẹn wà ní àárín gbùngbùn, òun ló ga jù. Ó wò ó títí èémí rẹ̀ fi bo ojú dígí náà. Ó fi apá aṣọ nù ún, ó sì ní kí àwọn máa lọ.

Télọ̀ ló tú u fó. Ó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mú ṣòkòtò kan tó ti dín ìbàdí rẹ̀ kù wá, nítorí ọkùnrin náà ti ń rù. Ó béèrè ibi tí àwọn àgbà wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un, bí ẹni ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Télọ̀ dìde, ó lọ bá ọmọbìnrin náà ní kíṣìnnì.

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ ohun tó o ṣe fún bàbá ẹ?"

"Kí ni mo ṣe, Bàbá Télọ̀?"

"Ìwé tó ń tọ́jú de ọjọ́ ogbó lo kó fi tọrẹ. Èyí tó o kó wá, ìwé tó fi ń pa àkókò ni."

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà wà nínú omi àwo. Kò yọ ọ́. "Wọn ò sọ," ó ní. "Kí ló dé tí wọn ò sọ?"

"Bàbá ẹ? Ìgbà wo ló ti ń sọ nǹkan? Ẹni tí ilé ń jó lé lórí, tó máa ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun dí wọn lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kejì ọmọbìnrin náà gba ilé ìwé lọ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ṣàlàyé pé wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́ gbogbo wọn, àwọn aláṣẹ sì ti rí wọn, kò lè kó wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ó gbà kó máa mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ, bí èyí tó wà lọ́wọ́ bá ti parí. Ó mú èyí tó ga jù. Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé itan bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. N ò mọ̀ ni."

"Mo ti gbọ́," ni bàbá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìwé náà.

Ó dúró kí ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó wẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò tí Télọ̀ mú wá. Ó jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé, ó ṣí ìwé náà. Ọkùnrin kan ń gbẹ́ kànga. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dára ju bó ṣe rántí lọ. Ó ka ojú ìwé kan, ó ka èkejì, ó ka ẹ̀kẹta, ó sì gbórí sókè wo ẹnu ọ̀nà.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó padà sínú ìwé. Ó wá ibi tó dé tì, ó tún ẹ̀yìn kà. Àbúrò ẹni tó ń gbẹ́ kànga dé láti ìrìn àjò. Ìyá wọn ò fẹ́ kó wọlé. Ó tún gbórí sókè. Nígbà tó padà, kò mọ èwo ni àbúrò mọ́, èwo ni ẹ̀gbọ́n. Ó dìde, ó lọ fọwọ́. Inú balùwẹ̀ ló ti bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń fọwọ́ fún.

Ó dá fèrèsé lẹ́bi, ó sún àga sí ẹ̀bá ògiri. Ó dá jígí ojú rẹ̀ lẹ́bi, ó nù ún. Ó dá rédíò àwọn ará ìsàlẹ̀ lẹ́bi, àmọ́ wọ́n pa á, kò sì sí ìyàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́, títí àwọn ará inú ìwé náà fi pọ̀ lé ara wọn lórí, tí kò mọ ẹni tó bí ta ni, tó sì ń padà sídìí kànga láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó na ọwọ́ sí orí pákó, ó mú ọ̀kan nínú àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó mọ ìparí rẹ̀ dáadáa. Ó kà á tán kí tíì rẹ̀ tó tutù.

Ìgbà náà ló yé e. Ojú rẹ̀ kò ní àrùn. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè ṣí ìwé. Gbogbo ọdún tó fi ń kàwé láàárín oníbàárà ni ó ti fi gé ọkàn ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń gé irun àwọn èèyàn. Ààbọ̀ tó rò pé òun ń tọ́jú pamọ́ fún àwọn àgbà kò sí níbì kankan. Bí ọmọ rẹ̀ bá tiẹ̀ kó gbogbo wọn wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n bá kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn títí dé ògiri, ibi tó wà yìí náà ni ì bá wà.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ rẹ̀ máa ń wo ìwé náà bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ó máa ń wo ibi tí bébà tó fi sàmì wà.

"Ẹ ò tíì lọ jìnnà."

"Mò ń rọra kà á."

"Tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀, màá lọ mú ti atukọ̀ wá. Mo ti sọ fún ọ̀gá."

Bébà náà kò kúrò lójú kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé torí kí n lè máa rántí pé mo ṣẹ̀ yín ni ẹ ò ṣe kà á?"

Onígbàjámọ̀ wo ẹsẹ̀ tó wú náà. Òtítọ́ tó yẹ kó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Bó bá sọ ọ́, ọmọ yìí á mí kanlẹ̀, á jẹun, á sùn. Òun nìkan ni yóò wá kù pẹ̀lú rẹ̀.

"Dá a padà fún wọn," ó ní.

"Bàbá."

"Ó ti bọ́. Ìgbà tó yẹ kí n kà á ni o kó o sínú dígí."

"Kò pẹ́ rárá, Bàbá. Ìgbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

"Ó pẹ́ tó."

Ọmọbìnrin náà gbé ìwé náà kúrò lórí itan bàbá rẹ̀, ó yọ bébà inú rẹ̀, ó wá ọ̀rá kan tó mọ́, ó wé e.

Láàárọ̀ ó jáde lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ dúró lójú fèrèsé. Ó rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí títì, tó gbé ìwé náà mọ́ àyà bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó dúró kí ọkọ̀ kan kọjá. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, àdúgbò sì pa rọ́rọ́. Bí èèyàn bá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é láti òkè níbẹ̀, yóò gbọ́.

Kò pè é. Ó wò ó títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó sì yà á lẹ́nu bí ara òun ṣe fúyẹ́ tó lójijì.